Ẹja Àtáọ́ja, Ẹja Onígbàgbọ́



Ní Sátidé kan, a parí ìpàdé àwọn olùṣọ́-àgùntàn ní Òṣogbo, a sì gba ọ̀nà Ìbòkun padà sí Iléṣà. A fẹ́ ya sí ilé ìdílé kan nínú ìjọ wa, nítorí ìyá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò ju sítíkà kékeré kan lọ. Ọmọ lẹ àwòrán ẹja mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ìyá sì ní òun kò ní wọ ọkọ̀ náà lọ sí ilé Ọlọ́run. Àwa náà jẹ̀bi. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wá, a rẹ́rìn-ín, a ní àwòrán lásán ni. Láti ìgbà náà ni ìjókòó Màmá ti ṣófo ní ìsìn.

Lójú ọ̀nà ni Ẹ̀mí Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ sí bá wa wí. Òṣogbo ni wọ́n bí Màmá sí, inú ilé ọlọ́ṣun ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. Ìtàn ìlú náà sọ pé Láròóyè ṣí kúrò ní Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjèṣà yìí kan náà, nítorí ọ̀dá omi, ó sì tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n ní ẹja ńlá kan, ìránṣẹ́ odò, jáde wá, ó tu omi sí i lọ́wọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe pè é ní A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, tó di Àtáọ́ja. Títí di òní, a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005.

Nígbà tí Màmá di ẹni ìgbàlà, ó kó ohun gbogbo dànù. Iléṣà tí ó sì fẹ́ ọkọ sí ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní oṣù Keje ọdún 1930, nígbà tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ òrìṣà wọn sílẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tí a dé, a ṣí Bíbélì. A ṣàlàyé pé ní èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ichthys ni ẹja. Ó hàn níbẹ̀ nígbà 20. Bí ẹja bá kéré, ichthydion ni. Jòhánù nìkan ló lo opsarion, ìgbà 5 péré: ẹja tí a fi ń jẹ oúnjẹ nìyẹn. Àwọn Ìjèṣà yóò tètè mọ̀ ọ́n: ẹja inú ọbẹ̀ iyán ni.

Màmá bi wá pé, "Pásítọ̀, níbo ni Bíbélì ti pe Jésù ní ẹja?"

"Kò sí níbì kankan, Màmá."

Lẹ́yìn ìgbà àwọn àpọ́sítélì ni àwọn onígbàgbọ́ rí i pé lẹ́tà 5 inú ichthys ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ 5 ní èdè wọn: Jésù, Kristi, ti Ọlọ́run, Ọmọ, Olùgbàlà. Wọ́n ya ẹja sára ògiri ibojì abẹ́ ilẹ̀ ní Róòmù. Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian, ará Carthage ní àríwá Áfíríkà, fi àwa tí a ṣe ìrìbọmi wé ẹja kéékèèké tí a bí nínú omi. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni ẹja yẹn, kì í ṣe ohun tí à ń bọ. A tún ka Lúùkù 24:42-43, níbi tí Jésù tó jíǹde ti jẹ ẹja lójú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀. Ẹni tó dá odò àti ẹja ló jẹ ẹ́.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ó yé mi, Pásítọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí i, odò ni ọkàn mi ń lọ. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ Gíríìkì wa tán níbẹ̀. 1 Kọ́ríńtì 8 ló kù. Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan, síbẹ̀ ó gbà láti fi ẹran sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí-ọkàn arákùnrin rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ Màmá nítorí ẹ̀rín tí a rín. Ọmọ náà dìde fúnra rẹ̀, ó lọ ṣí sítíkà kúrò. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni: Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, Olùgbàlà. Màmá ló jókòó níwájú ọkọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, kí a tó fi ìmọ̀ rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí á béèrè ibi tí Olúwa ti mú un jáde. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìmọ̀ tó ní ìfẹ́ nínú, ní orúkọ Jésù. Àmín.