Ohun Tí A Kò Bi Jíìnì, Kò Ní Sọ Ọ́

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ́ mi pé òwe náà ní apá kejì: ọ̀nà tí a bá bèèrè nìkan ni wọn yóò júwe fún wa. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ohun èlò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní DNA microarray fi gbà mí lọ́kàn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé jíìnì kan náà ni ó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí kò sinmi nínú ẹ̀dọ̀ lè máa sùn fọnfọn nínú ọpọlọ. Jíìnì tí ó bá ń ṣiṣẹ́ a máa rán RNA jáde. Ní ọdún 1995, Mark Schena, Patrick Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde: wọ́n to DNA jíìnì 45 ti ewéko Arabidopsis sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, bí ẹni dẹ ìdẹ sílẹ̀. Wọ́n fi aró tí ń tàn kun ẹ̀dà RNA, wọ́n sì dà á lé e lórí. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan so mọ́ ìdẹ tí ó bá a mu. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀, jíìnì ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Yíyan ìdẹ ni iṣẹ́ náà le sí. Ìdẹ kan kò gbọdọ̀ mú jíìnì méjì. Jíìnì tí kò bá sì ní ìdẹ, ẹ̀rọ kò ní rí i rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá. Àwọn ọmọ Yorùbá 90 ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbáyé HapMap. Ní ọdún 2007, a tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi microarray wo iṣẹ́ jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn ènìyàn 270 láti inú HapMap, tiwa sì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA ènìyàn bá yàtọ̀ sí ti ìdẹ, ìdẹ náà lè má dì í mú dáadáa. Ẹ̀rọ yóò ní jíìnì ń sùn nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ni irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ sí jù lọ ní ayé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àyẹ̀wò MammaPrint, tí ó ti ilẹ̀ Netherlands wá, ń wo jíìnì 70 láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ọmú lè padà wá. Àbájáde rẹ̀ wà lára ohun tí dókítà fi ń pinnu ìtọ́jú. Nítorí náà, kí ìjọba àti yunifásítì wa náwó sórí ilé ìwádìí. Ẹ̀jẹ̀ wa ti wà nínú iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ wa náà wà níbi tí wọ́n ti ń yan ìdẹ.