Òwú Inú Etí

Ẹ̀yin ará, ta ni ò mọ òwú tí wọ́n ń fi sínú ihò etí ọmọ tuntun kó má baà dí?

Ohun kan wú lábẹ́ ahọ́n àbúrò mi, ọmọ ọdún 7, ó ń dán bí ikùn àkèré. Ranula ni àwọn dókítà ń pè é, ìyẹn àkèré kékeré ní èdè Látìn. Itọ́ tí ò rọ́nà jáde ló ń kóra jọ. L ò yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Aládùúgbò kan ní Ìyànà-Ìbá ní ká fi abẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ. Omi á dà lóòótọ́, àmọ́ ojú ihò á pa dé, á tún wú.

Dókítà eyín ò mú ọ̀bẹ rárá. Ó fi oògùn mú ibẹ̀ kú tipiri, ó fa òwú síliki gba orí rẹ̀ kọjá, ó ta á. Fún ọjọ́ 7 sí 10, itọ́ á máa tẹ̀lé òwú jáde, awọ á sì hù yí ọ̀nà tuntun náà ká.

"Bíi ti etí náà nìyẹn, àbí?" ni màmá mi wí.

"Ẹ gbà á, Mà." Ó ní òmíràn ṣì máa ń pa dà, èyí tó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, iṣẹ́ abẹ ni.

Tiwa lọ. Ẹ wá gbọ́ ẹnu àbúrò mi: lálá tó ròkè, ilẹ̀ ló ń bọ̀!