Góńgó Imú Ìyá Àgbà

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí síwájú, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ fi ìka méjì mú irun kan ṣoṣo nínú imú yín, kí ẹ fà á tu lójijì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí i bí ojú ṣe ṣomi? Imú lẹ fọwọ́ kàn, ojú ló sunkún. Bí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ gbọ́n ju bí mo ṣe gbọ́n lọ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ti ń pe ara mi ní akéwì káàkiri ọgbà yìí.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Èsìẹ́ ni wọ́n. Òmù-Àrán ni wọ́n relé ọkọ sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Tí ọmọdé bá ń ké nílé wa, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, wọn a ní, "Ẹ wò ó, ojú ń sunkún, imú ń bá a dá sí i." Ẹ̀fẹ̀ ni mo kà á sí. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo kàwé ni mo mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ní igun ojú wa tó kángun sí imú, ihò tíntìntín méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni omijé ń gbà wọ ọ̀nà tóóró kan tó já sínú imú. Ìdí nìyẹn tí imú fi ń ṣomi nígbà ẹkún. Ìdí nìyẹn náà tí oògùn tí wọ́n kán sí wa lójú fi ń korò lọ́nà ọ̀fun.

Ọ̀nà omi nìyẹn, Ìyá àgbà sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà mìíràn tún wà láàárín ojú àti imú tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò mọ̀. Àìmọ̀ yẹn ló ná wa ní ojú kan.

Ìsinmi ni mo lọ lò nílé. Ọjọ́ Ajé ni Ìyá àgbà kọ́kọ́ sọ pé iwájú orí ń dun àwọn lápá òsì. "Ó ń ta mí bí iná," ni wọ́n wí. "Tí mo bá fi ìyàrí kàn án báyìí, ó ń wọ̀ mí dé eegun." Mo wò ó, n kò rí nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n lo Panadol. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìléròrò sú bo ibẹ̀, láti ìpéǹpéjú òsì títí wọ inú irun. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé kò dé apá ọ̀tún rárá. Gégé ló dúró láàárín iwájú orí, àfi bí ẹni pé ẹnìkan fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ẹ ṣáà mọ agboolé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kálukú ti sọ tiẹ̀. Ìyá kan ní ká má pariwo, pé Olóde ló kọjá. Bàbá kan ní rárá o, pé àìsàn tó bá mọ ààlà tó báyìí, ayé ló rán an. Èmi ọmọ yunifásítì, mo kọ́wọ́ sápò, mò ń rẹ́rìn-ín wọn nínú. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ẹ́gbóná ti kúrò láyé, pé ọdún 1980 ni àjọ WHO kéde rẹ̀. Mo gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn lọ, ó ní kí n ra ìpara àti oògùn ara yíyún. Mo rà á. Ìyá àgbà tún fi òrí le e.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìléròrò méjì yọ sí góńgó imú wọn, lápá òsì kan náà. Wọn ò tóbi ju ọmọ ọkà bàbà lọ. Mo rántí ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀fọn Òmù-Àrán yìí ò tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fágbà, imú yín ló wá jẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì padà sídìí ewì tí mò ń kọ. Ewì ọ̀hún, n kò parí rẹ̀ títí dòní.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ojú òsì ti pọ́n bí epo. Wọn ò lè wo ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ẹni tó wà lẹ́yìn kùrukùru làwọn ń rí mi. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. A wọ mọ́tò, ó di Ìlọrin.

Dókítà ojú tó gbà wá, ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀. Mo rò pé ojú ló máa kọ́kọ́ tan iná sí, àmọ́ imú ló kọ́kọ́ wò. Ó bi mí pé, "Ìgbà wo ni ti imú yìí yọ?"

Mo dákẹ́.

Ìyá àgbà ní, "Kí ló wí?"

N kò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo dá a lóhùn fúnra mi, mo ní ọjọ́ karùn-ún rè é. Dókítà ò bá mi wí. Ó kàn fi bíírò sílẹ̀ díẹ̀, kó tó tún gbé e. Ó ní oògùn tó ń bá kòkòrò àrùn yìí jà wà, pé ó máa ń ṣiṣẹ́ jù tí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72 tí ìléròrò bá yọ. Ẹ bá mi ṣírò o. Ọjọ́ kẹta ni ìléròrò yọ. Ọjọ́ kẹrin ni ti imú. Ọjọ́ tí mò ń fi ẹ̀fọn ṣe yẹ̀yẹ́, oògùn ṣì wà lásìkò.

Ó yàwòrán fún mi lẹ́yìn ìwé pélébé kan, ó ní kí n ṣàlàyé fún màmá. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọhò. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ni nerve. Mo ní, "Ìyá àgbà, wọ́n ní iṣan kan ni." Wọ́n na apá sí mi, wọ́n fi iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà hàn mí: "Irú èyí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ló bàjẹ́ ni?" Mo ní rárá, kì í ṣe iyẹn. Wọ́n di ẹsẹ̀ mú lẹ́yìn gìgísẹ̀: "Àbí irú èyí?" Mo tún ní rárá. Èmi tó mọ àránmọ́ àti ìpàrójẹ, tí mo lè fàmì sórí ọ̀rọ̀ lójú oorun, n kò rí ọ̀rọ̀ kan fi sọ ohun tó ń ba ojú ìyá àgbà mi jẹ́. Iṣan la fi ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan la fi ń pe èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà la tún fi ń pe eléyìí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa, ọkọ mi, kí wọ́n ṣáà máa ṣe é."

Nígbà tí mo padà sí ọgbà, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, mo yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín lédè wa, bí mo ṣe lè sọ ọ́ mọ.

Ihò ojú, inú agbárí ló wà. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ níwájú, ó wá ń tín-ín-rín lọ sẹ́yìn bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Eegun méje ló para pọ̀ mọ ọ́n. Ògiri tó wà láàárín rẹ̀ àti imú fẹ́lẹ́ bíi bébà. Láti inú ọpọlọ, oríṣi iṣan méjìlá ló jáde, méjì-méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Èkínní ló ń gbọ́ òórùn. Èkejì ló ń ríran. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin àti ẹ̀kẹfà ló ń yí ẹyinjú. Ẹ̀karùn-ún ló ń mọ ohun tó bá kan ojú wa gbogbo: ìrora, ooru, òtútù, àtẹ́gùn.

Ẹ̀karùn-ún yìí pín sí ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ gba inú ihò ojú kọjá, òun náà sì tún pín sí mẹ́ta. Ọ̀kan gòkè lọ síwájú orí. Ọ̀kan lọ síbi tí omijé ti ń sun. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní nasociliary. Ó fún ẹyinjú ní tirẹ̀, dé ara awọ tó mọ́ gaara bíi díńgí níwájú rẹ̀. Ìyókù la ògiri eegun kọjá, ó wọ inú imú, ó sì jáde sí awọ ìta títí dé góńgó imú. Ẹ ò rí nǹkan? Góńgó imú àti dígí ojú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí irun imú fi ń fa omijé.

Ohun tó ṣe Ìyá àgbà, òyìnbó ń pè é ní shingles. Kòkòrò tó ń fa chickenpox lọ́mọdé ni. Tí chickenpox bá lọ tán, kòkòrò rẹ̀ kì í lọ. Ó máa ń sùn sídìí iṣan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ara bá ti ń dàgbà, tàbí tí agbára ara bá dín kù, ó lè jí, kó sì tọ iṣan kan ṣoṣo yẹn jáde. Nítorí pé iṣan òsì kì í sìn apá ọ̀tún ni ìléròrò fi mọ ààlà. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe Olóde. Láyé àwọn ọdún 1860 ni Jonathan Hutchinson, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kíyè sí i pé bí ìléròrò yìí bá dé góńgó imú, kí a máa bẹ̀rù fún ojú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá yọ sí nímú ni ojú rẹ̀ máa bàjẹ́, ojú ẹlòmíràn sì lè bàjẹ́ láìsí ti imú. Àmọ́ tí imú bá ti kìlọ̀, ó ti ṣe tiẹ̀.

Ìléròrò san. Ìyá àgbà ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àpá funfun wà lójú òsì, wọn ò fi í rí ju òjìji lọ. Èyí tó burú jù lójú mi ni pé ojú náà kò mọ nǹkan lára mọ́. Eruku lè wọ̀ ọ́, kòkòrò lè bà lé e, wọn ò ní mọ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n mú àwọn dé Èsìẹ́ lọ kí àwọn ẹbí. A yà sí ilé ọnà, níbi tí wọ́n kó àwọn ère òkúta sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ débẹ̀ rí mọ̀ wọ́n: ère tó lé ní 800, ọkùnrin, obìnrin, púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Ọdún 1933 ni Ramsay, alábójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, ròyìn wọn fún ìjọba. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ọnà náà, òun ló sì kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tó di òkúta. Orí ọ̀pọ̀ ti gé, imú òmíràn ti ya. Ìyá àgbà dúró síwájú ọ̀kan, wọ́n fi ojú ọ̀tún wò ó pẹ́.

"Eruku bo ojú ẹ̀, kò sì ṣẹ́jú," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ojú òsì wọn. "Èmi náà ti ń di ará ibí díẹ̀díẹ̀."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn fún wọn. Mo sọ ìbéèrè dókítà tí n kò túmọ̀. Mo ṣàlàyé iṣan náà látòkè délẹ̀: kò gbé ẹ̀jẹ̀, kò so eegun, ìròyìn ló ń gbé lọ fún ọpọlọ.

Wọ́n ní, "Dìde. Ṣé o ò lè sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni? Akéde nìyẹn. Akéde kan náà ló ń ké fún imú, tó ń ké fún ojú. Ó wá lu agogo nímú, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín."

Àwa méjèèjì, ni wọ́n wí. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ bá mi gbé e ni.

Láti ọjọ́ náà, iṣan akéde ni mò ń pè é. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi lò ó, tàbí kí ẹ wá èyí tó dáa jù ú lọ. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá délé, tí ìléròrò tó ń ta bí iná bá yọ sí apá kan iwájú orí àgbàlagbà yín, pàápàá tó bá dé góńgó imú, ẹ má fi òrí pa á, ẹ má fi ẹ̀fọn ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Tó bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ túmọ̀ rẹ̀.