Alásè Kò Jẹ̀bi

Obìnrin kan wà ní Abẹ́òkúta tí àwọn ẹbí mi kò gbé iṣẹ́ fún mọ́ láti ọdún 2018. Wọ́n ní oúnjẹ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ìyá mi. Wọ́n sọ ọ́ nílé, wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ dé etí àwọn tí kò wá sí òde náà rárá. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, mi ò sì la ẹnu. Obìnrin náà kò ṣe ju ohun tí mo ní kó ṣe lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì kìlọ̀ fún mi kó tó ṣe é.

Oṣù Kẹta la ṣe ìnáwó náà. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta nínú oṣù yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ. Òjò kò tíì dúró dáadáa, oòrùn á ti máa pa àpáta láti àárọ̀, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, àpáta á máa tú ooru náà sílẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́. Lọ́sàn-án, ooru ibẹ̀ máa ń tó 34 tàbí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Inú irú ooru bẹ́ẹ̀ ni èmi àkọ́bí, tí mo ti Èkó wá, fẹ́ fi ìrẹsì díndín, jọ̀lọ́ọ̀fù àti sáládì bọ́ igba ènìyàn.

Àbúrò ìyá mi tó ń dín àkàrà tà láti kékeré mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ooru yìí ti pọ̀ jù fún ohun tí o fẹ́ ṣe. Jẹ́ ká gbé agbada mẹ́ta kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Màá máa dín àkàrà àti òjòjò, kí àwọn èèyàn máa gbà á ní gbígbóná, kí wọ́n máa fi ẹ̀kọ tútù jẹ ẹ́. Kí alásè se ọ̀fadà níbẹ̀ láàárọ̀. Kí gààrí Ìjẹ̀bú àti omi tútù wà nílẹ̀ fún ẹni tí ooru bá ń mú."

Mo dá wọn lóhùn pé, "Àkàrà kẹ̀, Àǹtí? Ṣé òkú la fẹ́ sin ni?"

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún bá kú, àkàrà ni wọ́n ń dín pín kiri àdúgbò. Ìyá mi tó máa pé àádọ́rin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ jókòó níbẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ àdìrẹ tí a rà ní Ìtòkú fún aṣọ ẹbí. Wọn ò gbójú sókè. Títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Kì í ṣe pé mo kórìíra àkàrà. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bá agbada àti gààrí nílẹ̀ kí wọ́n wá rò pé agbára wa ò ká a.

Alásè ní òun á dé ní aago mẹ́ta òru Sátidé, òun á dáná nínú ọgbà wa, tí a bá fi máa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun nílò ọmọọṣẹ́ méjì sí i, ₦35,000 ló sì máa fi lé orí owó. Mo ní rárá. Mo ní kó se é tán ní Jímọ̀, kí ọgbà mọ́ tónítóní láàárọ̀ fún fọ́tò.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì tó bá sùn nínú kúlà nínú ooru yìí kì í jí ire."

Mo ní kó tún mú un gbóná láàárọ̀, pé kí ni iná kì í pa? Ní alẹ́ Jímọ̀, ó tún bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tẹ́ ẹ sínú tíréè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè tutù kíá, kí a wá wá fírísà gbé e sí. Mo ní eruku pọ̀ níta, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bó ṣe ń hó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bù ú sínú kúlà ńlá mẹ́rin, wọ́n fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀, wọ́n dé e pa. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀, àárín rẹ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ yin kúlà náà pé ojúlówó ni. Lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ yẹn gan-an ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀, bí dókítà ṣe là á yé mi lọ́jọ́ kejì.

Ó ní kòkòrò tín-ń-tín kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, láti oko ló sì ti ń bá ìrẹsì bọ̀. Ó ní hóró líle kan tó máa ń sá pamọ́ sí, omi híhó kì í sì í pa hóró yìí. Bí ìrẹsì bá ti kúrò lórí iná tí kò gbóná mọ́, tí kò sì tutù, hóró náà á là, kòkòrò á máa bí sí i, á sì máa tu oró sínú oúnjẹ. Oúnjẹ tó bá gbóná ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kò ní jẹ́ kó ráyè, èyí tó bá sì tutù ju 5 lọ á sé e mọ́. Àárín méjèèjì ni ewu wà. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níbẹ̀. Bí ooru ìta bá ti kọjá 32, wákàtí kan péré ni. Ìrẹsì tèmi lo gbogbo òru.

Mo ní ṣebí a tún mú un gbóná. Dókítà ní iná pa kòkòrò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oró tó ti tú sílẹ̀ kì í bá iná lọ.

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán la bu oúnjẹ. Sáládì tí a fi ẹyin, ànàmọ́ òyìnbó àti kirimu pò láti aago mẹ́sàn-án ti wà lábẹ́ kánópì, yìnyín abẹ́ rẹ̀ sì ti di omi kí a tó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Aago márùn-ún kò tíì lù nígbà tí ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, tí wọ́n ti jọ wà láti ìgbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, dìde lórí àga, tí wọ́n bì sára aṣọ ẹbí wọn. Lẹ́yìn wọn, ọmọdé méjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń bì tàbí tí inú ń rọ́, ìyá mi sì wà nínú wọn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí ìyá mi lára. Ọ̀rẹ́ wọn, tó ní ìtọ̀ súgà, lo ọjọ́ mẹ́fà nílé ìwòsàn. Owó tí mo san lé ní ₦400,000, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo sì ti yá púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí ₦35,000.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà ilé bèèrè pé ta ló se oúnjẹ. Wọ́n pe alásè wá. Ó dúró láàárín ọgbà pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, wọ́n ń bú u, ó sì ń wo ojú mi. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Kò gba ₦60,000 tó kù nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò bèèrè rẹ̀, èmi náà kò sì fi ránṣẹ́.

Nígbà tí ìyá mi pé márùndínlọ́gọ́rin, ìyẹn lọ́dún 2023, mo lọ kúnlẹ̀ fún àbúrò wọn pé kí wọ́n wá ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é nígbà yẹn. Oṣù Kẹta náà ni, ọgbà yẹn náà ni, ooru yẹn náà sì ni. Wọ́n lọ ẹ̀wà ní ìdájí, wọ́n gbé abọ́ rẹ̀ sínú abọ́ ńlá tí yìnyín kún, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bù ú jáde. Wọn kì í fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i àfi bí epo bá ti gbóná, kó má baà ṣomi. Àwọn àlejò tò yí agbada ká, olúkúlùkù ń gba tirẹ̀ bó ṣe ń jáde, àwọn kan ń fi sáàárín búrẹ́dì, àwọn kan ń tú ẹ̀kọ tútù lára ewé. Orí iná ni ọ̀fadà wà títí tí wọ́n fi bù ú kẹ́yìn, inú ewé eéran ni wọ́n ń bù ú sí, wọ́n á da ata tútù oníirú lé e lórí. Àbúrò mi ọkùnrin ń sun ẹran ewúrẹ́ lórí èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń gé e, ó ń yí i lára ata rodo. Kò sí ohun tó dé inú kúlà àfi ohun mímu.

Ohun mímu yẹn, èmi ni mo ronú kàn án, mo sì fẹ́ kí ẹ dán an wò. Mo se zobo, ìyẹn ìṣápá pupa, pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí mo fọ̀ dáadáa. Nígbà tó tutù, mo rọ ìdajì rẹ̀ sínú ọ̀rá kéékèèké, mo gbé e sí fírísà títí tó fi dì gbagidi. Lọ́jọ́ òde, àwọn dídì yẹn ni mo jù sínú ìdajì tó kù. Bó ṣe ń yọ́, zobo ń tutù sí i, kò sì dà bí omi lásán lẹ́nu. Àsìkò àgbálùmọ̀ ni, a fọ apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Gààrí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Gbígbẹ ni gààrí, ooru kò rí nǹkan fi ṣe. Igbá ńlá kan la bu gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa sí, a to ẹ̀pà sísun, àgbọn gígé, kúlíkúlí àti ẹja gbígbẹ yí i ká nínú igbá kéékèèké, pẹ̀lú omi tó tutù nini. Kí olúkúlùkù bù ú bó ṣe fẹ́. Àwọn ará ọ́fíìsì mi tí mo ń bẹ̀rù ojú wọn lọ́jọ́sí, ìdí igbá yẹn ni wọ́n jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹnì kankan kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń palẹ̀ mọ́, obìnrin kan nínú ẹbí wa ní, "A dúpẹ́ o, pé kì í ṣe obìnrin ọjọ́sí yẹn ló tún sè é." Ìyá mi wo ojú mi, gẹ́gẹ́ bí alásè ṣe wò mí. Mo rí i pé láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wá ilé alásè lọ. Ó ti dín iṣẹ́ òde kù, ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, mo fi kún un, nítorí ohun tí ₦60,000 lè rà lọ́jọ́sí ti kọjá ohun tó lè rà nísinsìnyí. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó nìkan kọ́ o. Àwọn tí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ ńkọ́?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mo ní kó se ìrẹsì yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Tí ẹ bá ní ìnáwó, ẹ pè é. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.