Ta Ló Ń Bu Ọtí Kíkan Náà?

Ihò mẹ́fà ló wà lára òkúta náà. Inú pápá ló jókòó sí, láàárín Eyam àti Stoney Middleton, ní agbègbè Derbyshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá jáde ní Eyam, tó gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó la pápá kọjá, kò ní pẹ́ débẹ̀. Ní ọdún 1666, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà ní Eyam, tí àwọn ará ibẹ̀ sì sé ara wọn mọ́lé kó má baà ràn dé ìlú mìíràn, inú ihò wọ̀nyẹn ni wọ́n ń fi owó sí. Wọ́n á bu ọtí kíkan lé owó náà lórí kí àrùn ara rẹ̀ lè kú. Àwọn ará Stoney Middleton nísàlẹ̀ á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á kó owó, wọ́n á yáa pẹ̀yìn dà.

Gbogbo ẹni tó ń rìn káàkiri àyíká yẹn ló mọ ìtàn yìí. Sheffield ni mò ń gbé, Eyam kò jìnnà sí wa, mo sì ti gbọ́ ọ tipẹ́. Ohun kékeré kan ló kọ̀ tí kò fi mí lọ́kàn sílẹ̀: ta ló ń bu ọtí kíkan náà?

Òjò ibẹ̀ kì í kọ ìgbà. Ihò kéékèèké ni àwọn ihò náà. Bí òjò bá rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á kún, ọtí kíkan á ṣàn dànù, omi lásán ni yóò kù. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á gbẹ. Ẹnì kan ní láti máa bu òmíràn sí i ṣáá. Bó bá jẹ́ ará Eyam ni, kí ni yóò fi dá ẹni tó ń bọ̀ lójú pé kì í ṣe omi òjò ló wà níbẹ̀? Àfi kí onítọ̀hún tẹ̀ ba, kó gbọ́ òórùn rẹ̀, láyé ìgbà tí wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń kó àrùn ranni. Bó bá sì jẹ́ ará ìsàlẹ̀ ló ń gbé e wá, yóò ní láti dúró ti òkúta náà títí ọtí yóò fi ṣiṣẹ́. Yóò ti pẹ́ tó? Ta ló sọ fún un pé ó tó? Ọtí kíkan fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣebí rírà ni wọ́n ń rà á? Owó tí wọ́n fi rà á náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ọtí kíkan.

Lápá àríwá ìlú, níbi tí wọ́n ń pè ní kànga Mompesson, inú omi tó ń ṣàn ni wọ́n ń fi owó sí. Èyí kò ní wàhálà, omi ń lọ, omi ń bọ̀. Ti òkúta yìí ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Aṣọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí ilé télọ̀ kan ni wọ́n ní ó gbé àrùn náà wọlé. George Viccars tó tú ẹrù aṣọ náà ló kọ́kọ́ kú, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1665. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún kejì, àlùfáà ìjọ, William Mompesson, pẹ̀lú Thomas Stanley tó ti wà nípò náà ṣáájú rẹ̀, pa ohùn pọ̀, wọ́n bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀: kí ẹnikẹ́ni má jáde mọ́, kí oníkálukú máa sin òkú rẹ̀ nítòsí ilé, kí ìsìn kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kó bọ́ sí Cucklet Delf, àfonífojì kan tí igi yí ká, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan lè jìnnà sí èkejì. Ìtàn ìlú sọ pé igba ènìyàn ó lé ọgọ́ta (260) ló kú. Catherine, ìyàwó Mompesson, wà lára wọn. Sàréè rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì dòní.

Ọdún 1894 ni Alexandre Yersin tó rí kòkòrò àrùn náà ní Hong Kong. Lẹ́yìn náà la mọ̀ pé àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ eku ló ń gbé e kiri, kì í ṣe owó. Ẹnì kan lè ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ọtí kíkan nígbà náà. Kò ṣeé gbàgbé, torí ibi tó gbé mi lọ.

Abúlé ìyá ìyá mi ló gbé mi lọ, sí ọ̀nà oko rẹ̀. Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, olóde bá àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin jà. Wọ́n gbé e lọ sí ahéré, wọ́n sì yan Màmá láti máa gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹ̀kọ tútù ni, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé, torí wọn kì í gbé ohun gbígbóná fún ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná mú. Ìdí ọ̀pẹ kan ló ń gbé e sí. Á pariwo pé, “Oúnjẹ ti dé o!”, á sì yí padà kí ọkùnrin náà tó yọ.

Ẹ̀gúsí ni a jọ ń bó lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi. Mo bi í pé, “Màmá, ẹ̀rù ò bà yín?” Ó ní ẹ̀kọ kò bà á lẹ́rù, ewé ni, kì í padà wálé. Igbá omi ló ń bà á lẹ́rù. Ó gbọ́dọ̀ gbé igbá àná padà.

Ọkùnrin náà yè. Títí tó fi kú, ẹbí ń kì í gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá olóde wọ̀jà tí kò ṣubú. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọbìnrin tó ń gbé igbá.

Ọ̀rọ̀ igbá yẹn ló là mí lójú sí òkúta náà. Oúnjẹ tó gòkè lọ sí Eyam kò lè pa ẹni tó gbé e wá. Ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ aláìsàn padà bọ̀ ló ní ewu nínú, owó sì nìyẹn. Ọtí kíkan kò ṣe ará Eyam láǹfààní kankan. Nítorí ẹni tó ti ìsàlẹ̀ wá ni wọ́n ṣe gbẹ́ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun gan-an sì ni a kò mọ̀. Lára àwọn ilé ní Eyam, àkọlé wà tó dárúkọ àwọn tó kú níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Earl ti Devonshire tó fi oúnjẹ ránṣẹ́ láti Chatsworth ní orúkọ nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Mo ka gbogbo àkọlé tí mo rí lójú ọ̀nà, n kò rí orúkọ ẹnì kan tó gbé búrẹ́dì gun òkè yẹn.

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Riley, yóò dé àárín ògiri kékeré kan tí sàréè ìdílé Hancock wà. Elizabeth Hancock fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ní oṣù kẹjọ ọdún 1666. Wọ́n ní àwọn ará Stoney Middleton ń wò ó láti òkèèrè. Báyìí ni wọ́n máa ń sọ ọ́, bí ẹni pé wíwò nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. N kò fara mọ́ ọn. Ìséra-ẹni-mọ́lé Eyam kì bá tí pé ọ̀sẹ̀ méjì ká ní kò sí ẹni tó ń gòkè wá.

Láti ìgbà náà, Stoney Middleton ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi. Ọ̀nà náà ga láti ìsàlẹ̀ ju bí ó ti rí lójú ẹni tó ti Eyam wá. Mo máa ń di ẹrù díẹ̀ sẹ́yìn, mi ò sì tíì dé ìdí òkúta náà rí kí n má máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí fún wọn: ibi tí wọ́n bẹ̀rù afẹ́fẹ́ jù lọ ni èémí wọn ti ń yára jù lọ, tí wọ́n sì tún gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba láti kó owó.