Bí A Ṣe Kó Ìdílé Tí Kò Fẹ́ràn Igbó Lọ sí Yankari

Láti ìgbà tí a ti dé láti Yankari ni àwọn ará wa ti ń bi mí pé, "Ìyá Ṣọlá, báwo lẹ ṣe rí Màmá àti Bàbá Ṣọlá kó wọnú igbó?" Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ̀ pé a kì í ṣe ará igbó rárá. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè rí nǹkan mú dání.

Ní ilé tiwa, họ́lídè kò ju méjì lọ: ká lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọdún, tàbí ká jókòó ká máa wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ igbó, Màmá, ìyá ọkọ mi, ní, "Ọdẹ ló ń lọ sígbó. Ta ló ń sanwó kó lè lọ sùn síbẹ̀?" Bàbá Ṣọlá ní ta ni yóò wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣọlá ń béèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní òun ń bẹ̀rù ejò. Táíwò àti Kẹ́hìndé nìkan ló ń fò sókè, nítorí wọ́n rò pé a fẹ́ lọ mú ọmọ kìnnìún wálé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ṣọlá ti rí yunifásítì wọ ní Ìbàdàn. Tó bá ti lọ, mi ò mọ ìgbà tí gbogbo wa máa tún sùn sábẹ́ òrùlé kan. Màmá ti pé ọdún 76. Ó ti di ọdún 21 tí a ti wà ní Jos, ọ̀nà ilé sí ọjà àti ọjà sí ṣọ́ọ̀ṣì la mọ̀. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, wọn ò mọ ilé dáadáa, wọn ò sì mọ ìdálẹ̀ náà. Ìyẹn ń dùn mí.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo mú ìwé, mo kọ orúkọ kálukú, mo kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí ìwé yẹn ni mo ti ṣe gbogbo ètò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ó máa dùn" tan ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ wá ìdáhùn sí ẹ̀rù rẹ̀.

Owó ló kọ́kọ́ jẹ́ ìṣòro Bàbá Ṣọlá. Mo dá àjọ fún oṣù mẹ́fà láìfọwọ́ kan owó ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo kó o tán, mo gbé e ka iwájú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "O ti múra ìjà sílẹ̀." A fi ọmọ iṣẹ́ wa àti àbúrò mi sí ṣọ́ọ̀bù, a sì ní ọjọ́ mẹ́ta péré la máa lò.

Ìgbà tí ẹ máa lọ ṣe pàtàkì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù láti rí ẹranko, torí omi ti gbẹ káàkiri, gbogbo wọn á wá sí etí odò Gaji láti mu. Lásìkò òjò, koríko á ti ga, ẹranko á sì fọ́n ká, ẹ lè wakọ̀ títí kẹ́ ẹ má rí nǹkan. Ọyẹ́ náà máa ń bo ojú ọ̀run nínú oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, òtútù òru sì máa ń mú. Ìdí nìyí tí a fi mú họ́lídè Àjíǹde. Oòrùn mú o, àmọ́ a rí ohun tí a wá wò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ńkọ́? Ẹ fi ojú ọjọ́ rìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ná ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá. Dírẹ́bà tó mọ ọ̀nà Bauchi dáadáa la gbà. A kúrò ní Jos láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá wa lọ́nà, torí tẹ́ ẹ bá ti dé ẹnu géètì Mainamaji, ó ṣì kù bí 40 kìlómítà nínú igbó kẹ́ ẹ tó dé Wikki tí ilé àlejò wà.

Fún Màmá, mo ṣe ìlérí mẹ́ta: wọn ò ní sùn sí ìta, wọn ò ní fẹsẹ̀ rìn nínú igbó, wọn ò sì ní jẹ oúnjẹ tí wọn ò mọ̀. Yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì la gbà. A di ọbẹ̀ ata díndín, mọ́ínmọ́ín àti gàrí sínú kúlà. Fún ẹni tó ń bẹ̀rù ejò, bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn o. Eṣinṣin tsetse wà níbẹ̀, ó sì máa ń gba tara ẹni tó bá wọ aṣọ dúdú tàbí aró. Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ yanrìn ló dáa.

A dé, a kò tíì tú ẹrù tán tí ọ̀bọ ńlá kan, èyí tí ẹnu ẹ̀ gùn bí ti ajá, fi já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Ọmọ náà sunkún. Bàbá Ṣọlá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn. Torí náà, ẹ ti fèrèsé o, ẹ má jẹun lójúde.

Omi Wikki ló kọ́kọ́ mú Màmá. Láti inú àpáta ló ti ń sun jáde, ó mọ́ débi pé ẹ ó rí yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru, nǹkan bíi 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n ní àwọn á kàn ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ti jókòó sínú rẹ̀ tìró-tìró, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn.

Ọjọ́ kejì la wọ ọkọ̀ gíga tí wọ́n fi ń wo ẹranko. Ẹ̀ṣọ́ igbó wà níwájú. A rí àgbọ̀nrín, a rí ìmàdò. Kìnnìún ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, a ò sì rí i. Lójijì ni Táíwò pariwo ní Hausa pé, "Giwa! Giwa!" Erin ni, bíi mẹ́sàn-án, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n ń rọra lọ sódò. Màmá di irin ọkọ̀ mú. Wọ́n ní, "Àjànàkú." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ohùn wọn ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin ará, ọdẹ ni bàbá Màmá. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ oríkì erin, àmọ́ wọn ò fojú rí i rí. Ilẹ̀ tí a wá ṣòwò sí ni wọ́n ti rí i. A máa ń sọ ọ́ pé, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin." Àwọn ọmọ mi máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọn ò sì mọ ohun tí àjànàkú jẹ́. Giwa ni wọ́n mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màmá ń dárúkọ ẹranko ní Yorùbá, àwọn ọmọ ń sọ ọ́ ní Hausa: ẹfọ̀n, erinmi, ìkookò. Ṣọlá ń fi fóònù gba ohùn Màmá sílẹ̀. Ó ní òun máa gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má dúró de ìgbà tí gbogbo ilé bá gbà. Kó béèrè ẹ̀rù kálukú, kó wá nǹkan ṣe sí i, kó fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀, kó mú àgbà ilé dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí Assop tàbí Obudu, ẹ wá sọ bó ṣe rí fún wa. Màmá ti ń béèrè ibi tó kàn.