Kọ̀ráǹtì Ni àbí Epo?

Mẹkáníìkì tó mọ inú Vespa ti ṣọ̀wọ́n n'Ìbàdàn. Ọ̀kadà ni àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí fi kọ́ṣẹ́, ọ̀kadà sì ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Vespa àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú epo gan-an la ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ló jọ ń jóná. Ìdí nìyí tí èmi tí mo jẹ́ tíṣà, tí n kò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kankan rí, fi di ẹni tó ń ra sípánà.

Ẹ̀rọ bàbá mi ni. Nígbà tí mo kéré, iwájú wọn ni mo máa ń dúró sí, níbi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé, tí a ó fi jọ dé ilé ìwé. Lẹ́yìn tí wọ́n papòdà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà. Àwọn oníkòǹdẹ́mù tó ń ra irin kiri kò yéé béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà pé kí n tà á.

Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán Vespa fún iléeṣẹ́ Piaggio ní Ítálì, iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún 1946 ni ẹ̀rọ náà jáde. D'Ascanio gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, kò sì fi ṣéènì sí i rárá. Mo máa ń dúpẹ́ fún ọgbọ́n yẹn, torí bí èèyàn bá ti ṣí ìdérí apá ọ̀tún báyìí, kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó: púlọ́ọ̀gì, kabúrétọ̀, àti fúláíwíìlì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì.

Àìsàn rẹ̀ ló le. Láàárọ̀, tí ara rẹ̀ bá tutù, kíkì kan ti tó. Ṣùgbọ́n tí mo bá gùn ún láti Bódìjà dé Sángo, á kú mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì ní jí títí ara rẹ̀ á fi tutù. Gbogbo ẹni tó bá mi lójú ọ̀nà ló mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹnìkan ní púlọ́ọ̀gì ni, ẹlòmíì ní kí n fọ kabúrétọ̀, òmíì ní písítínnì ti jẹ. Bí mo bá tẹ̀lé gbogbo wọn, owó oṣù mi á tán lórí rẹ̀.

Mo lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Gate láti ra púlọ́ọ̀gì. Bàbá kan tó máa ń tún Vespa ṣe nígbà kan rí ló jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bi mí pé, "Nígbà tó kú yẹn, kọ̀ráǹtì ni kò ní ni àbí epo?" Mo ní n kò mọ̀, sà. Wọ́n ní, "Lọ mọ̀ ọ́n kó o tó ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi." Oníṣòwò tó kọ owó báyìí, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Nígbà tó tún kú, n kò jẹ́ kó tutù. Mo fi àkísà di ọwọ́, mo tú púlọ́ọ̀gì náà. Ẹnu rẹ̀ tutù fún epo, nítorí náà epo ń wọlé. Mo tún fi sẹ́nu wáyà rẹ̀, mo fi ara irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, mo ta kíkì. Iná tó jáde pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò lágbára. Kọ̀ráǹtì ni.

Fúláíwíìlì Vespa ní ihò tí èèyàn lè gbà wo kọ̀ntáàtì, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí púlọ́ọ̀gì lè ta iná. Nínú òkùnkùn alẹ́, mo rí i pé iná ń ṣẹ́ yẹ̀rì láàárín kọ̀ntáàtì méjèèjì bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ńdẹ́ńsà ló yẹ kó gba agbára yẹn mọ́ra. Tó bá ti bàjẹ́, iná á máa jó ẹnu kọ̀ntáàtì, ti púlọ́ọ̀gì á sì dínkù, pàápàá tí ooru bá ti mú un. Ẹ̀yìn fúláíwíìlì ni kọ̀ńdẹ́ńsà wà. Tí rìǹgì kékeré tó di nọ́ọ̀tì àárín mú bá ṣì pé, nọ́ọ̀tì yẹn fúnra rẹ̀ ló ń fa fúláíwíìlì jáde bí a ti ń tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irin kọ́ abẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ láti dì í mú. Ó máa ń kán.

Wọ́n jó wáyà kọ̀ńdẹ́ńsà mọ́ ibi tó wà ni. Oníṣẹ́ rédíò ládùúgbò wa ló bá mi tú u, tó sì bá mi jó tuntun mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo nu ẹnu kọ̀ntáàtì mọ́, mo wọn àlàfo rẹ̀ sáàárín 0.3 àti 0.5 mìlímítà. Vespa náà gbé mi lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì gbé mi padà lọ́sàn-án gangan, láìkú. Orí mi wú.

Ohun kan ló tún yẹ kí àwọn tó ní Vespa bíi tèmi mọ̀: mìlílítà 20 ọ́ìlì sí lítà epo kan ti tó irú ẹ́ńjìnnì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń dà á bí omi, wọ́n rò pé ìtọ́jú ni, èéfín ni wọ́n ń rà.

Bàbá Gate ti dàgbà, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn ní Sátidé pẹ̀lú ìwé, kí n lè kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Kọ̀ntáàtì la ti parí. Kíláàṣì ló kàn.